Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò, àmọ́ ṣé àfonífojì gba bàálù aládàáni àti jẹ́ẹ̀tì ológun papọ̀?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bí ẹyẹ bá wà lókè lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀run ti tẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí ẹyẹ méjì bá kó sínú àlàfo tóóró tó wà láàárín òkè méjì ńkọ́? Tí ọ̀kan ń sáré ní ìlọ́po mẹ́rin eré èkejì ńkọ́? Tí ọ̀kan ò sì mọ̀ pé èkejì ń bọ̀ ńkọ́? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní àwọn àfonífojì kan ní Wales, lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn aládàáni tó ń wa bàálù kékeré àti àwọn ọmọ ogun òfurufú ti jọ ń lo ọ̀nà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó lówó tí wọ́n ń fi bàálù ṣeré nìkan. Ẹ̀mí ti bá a lọ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tó wà nílẹ̀ di òní ṣì fàyè gba àwọn méjèèjì láti pàdé níbẹ̀.

Ibo ni ibi tá à ń sọ yìí?

Ní àárín Wales, láàárín ìlú Dolgellau tó wà lápá àríwá àti ìlú Machynlleth tó wà lápá gúúsù, àwọn àfonífojì kan wà tí wọ́n so kọ́ra bí òrùka. Mach Loop ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé nítorí eré àsápajúdé ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mach, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń wọn eré bàálù tó bá ń sáré bí ìró. Rárá o. Inú orúkọ ìlú Machynlleth ni wọ́n ti gé e.

Òkè Cadair Idris, tó ga tó mítà 893, dúró gbagidi níbẹ̀. Adágún Tal-y-llyn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, títì A487 sì gba àárín àwọn òkè náà kọjá. Àwọn jẹ́ẹ̀tì Hawk tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun máa ń wá láti ibùdó RAF Valley ní erékùṣù Anglesey. Àwọn Typhoon àti F-35 náà máa ń wá. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó wà ní ibùdó Lakenheath náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n máa ń fò rẹlẹ̀ débi pé àwọn ayàwòrán tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè ló máa ń wo jẹ́ẹ̀tì láti òkè, tí wọ́n á sì rí orí awakọ̀ rẹ̀ nínú gíláàsì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àfonífojì yẹn kì í ṣe ti ológun nìkan. Kò sí géètì níbẹ̀, kò sì sí òfin tó ti í pa mọ́ aládàáni. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ àti bàálù Cessna kékeré lè gbéra láti pápákọ̀ òfurufú kékeré kan, kó sì gba inú àfonífojì kan náà kọjá ní ọ̀sán gangan, láì bèèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí àwọn ológun fi ń fò rẹlẹ̀?

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò ṣòro. Ẹ̀rọ rédà kì í rí ohun tó bá wà lẹ́yìn òkè. Bí jẹ́ẹ̀tì bá fara mọ́ ilẹ̀, tó ń gba inú àfonífojì, àwọn ọ̀tá lè má mọ̀ pé ó ń bọ̀ títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ẹnu kọ́ nínú kíláàsì. Ẹni tó bá máa ṣe é lójú ogun gbọ́dọ̀ ti ṣe é lójú àlàáfíà.

Fún ìdí yìí, wọ́n pín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn àgbègbè tí ológun ti lè fò rẹlẹ̀. LFA 7 ni wọ́n ń pe èyí tó gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Wales. Láàárín ọ̀sẹ̀, jẹ́ẹ̀tì ológun lè sọ̀ kalẹ̀ dé 250 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 76. Ní àwọn ibi mẹ́ta kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí àárín Wales jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ dé 100 ẹsẹ̀ bàtà fún irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Mítà 30 péré nìyẹn o! Iléeṣẹ́ ètò ààbò sì máa ń gbé àkókò tí wọ́n fẹ́ ṣe irú èyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráàlú lè rí i.

Àwọn ológun fúnra wọn mọ̀ pé ibẹ̀ há. Kí wọ́n tó wọ àgbègbè náà, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Nínú Mach Loop, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa ń kọjú sí, bí títì tí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn, kí jẹ́ẹ̀tì kan má baà yọ sí èkejì ní kọ̀rọ̀.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn ológun nìkan ni ìlànà yẹn dè. Aládàáni kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń forúkọ sí, kò sì sí ohun tó ní dandan ni kó kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí. Bó bá wọlé láti òdìkejì, ńṣe ló dà bí ẹni tó gba ọ̀nà òdì lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gba ọ̀nà òdì lórí márosẹ̀ mọ̀ pé òun ń rú òfin. Awakọ̀ bàálù yìí ò rú òfin kankan.

Ta ló fún aládàáni láṣẹ?

Òfin ló fún un. Ojú òfurufú tó wà lórí àwọn òkè yẹn wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní Class G. Ní irú ibẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó jókòó sí ilé ìṣọ́ tó ń darí ẹni tó ń kọjá. Awakọ̀ ò ní láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò sì pọn dandan kó ní ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tó wà. Ohun tí òfin béèrè ni pé kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, kó wo iwájú, kó sì yẹra fún ẹni tó bá rí.

Òfin kan wà tó sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe lè fò rẹlẹ̀ tó. Àfi tó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, àlàfo tó wà láàárín bàálù rẹ̀ àti èèyàn, ọkọ̀, ọkọ̀ ojú omi tàbí ilé ò gbọ́dọ̀ dín ní 500 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò bá sí èèyàn tàbí ilé, ó lè sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ayàwòrán tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹni tó bá wọ Mach Loop ní ìsàlẹ̀ lè má rí wọn títí tó fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láì mọ̀, ó ti rú òfin nìyẹn.

Kí ló wá ń gbé aládàáni lọ síbẹ̀? Àwọn kan ń lọ nítorí ẹwà ilẹ̀ náà, nítorí kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí òkè àti adágún bí inú bàálù. Àwọn kan ń lọ nítorí wọ́n fẹ́ dán ohun tí jẹ́ẹ̀tì ń ṣe wò, kí wọ́n sì yà á sí kámẹ́rà. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ gbé lọ, bí àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fi hẹlikọ́pútà yẹ páìpù àti wáyà iná wò.

Àwọn kan sì wà tí ojú ọjọ́ ló lé wọn wọ ibẹ̀. Ojú ọjọ́ Wales kì í dúró sójú kan. Awakọ̀ tí kò ní àṣẹ láti fò nínú ìkùukùu gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìkùukùu. Bí ìkùukùu bá bo orí òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfonífojì nìkan ló kù tó ṣí sílẹ̀. Ẹni yẹn ò wá ṣe fàájì níbẹ̀, ilé ló ń wá lọ. Nítorí náà, kí a má kàn máa sọ pé gbogbo aládàáni tó bá wà nínú àfonífojì ló ń fi ikú ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde fún àwọn awakọ̀ òfurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kedere pé ológun lè fò rẹlẹ̀ níbikíbi tó bá wà nísàlẹ̀ 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, pé láàárín 250 sí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ti pọ̀ jù, àti pé kí aládàáni yẹra fún ibẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí i, kò sẹ́ni tó máa mú un.

Kí ló dé tí ojú nìkan ò tó?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ológun tó ń sáré ní nọ́ọ̀tì 450 ń rin nǹkan bíi mítà 231 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Cessna kékeré tó ń lọ ní nọ́ọ̀tì 100 ń rin mítà 51. Bí wọ́n bá kọjú síra, àlàfo tó wà láàárín wọn á máa fi nǹkan bíi mítà 282 dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ka ìlà yìí tán, wọ́n ti sún mọ́ra ju kìlómítà kan lọ.

Àjọ FAA tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà ti ṣírò bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí awakọ̀ tó rí bàálù mìíràn, kó mọ ohun tó jẹ́, kó mọ̀ pé àwọn fẹ́ kọlura, kó pinnu ohun tó máa ṣe, kó fa ọwọ́ ìdarí, kí bàálù náà sì tó yà. Ìṣẹ́jú àáyá 12.5 ni wọ́n pè é. Ní ìwọ̀n eré tá a sọ yìí, kìlómítà 3.5 ni wọ́n nílò. Ìyẹn ni pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti rí èkejì láti ibi tó jìnnà tó kìlómítà mẹ́ta àtààbọ̀.

Nínú àfonífojì tó lọ́ wọ́nkọ-wọ̀nkọ, ta ló ń rí kìlómítà mẹ́ta àtààbọ̀ níwájú? Òkè ti dí i. Bí jẹ́ẹ̀tì bá yọ ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà tó kìlómítà kan àtààbọ̀, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ló kù. Ìdajì àkókò tí wọ́n nílò kò sí níbẹ̀.

Kódà níbi tí kò ti sí kọ̀rọ̀, ojú ṣì lè tan èèyàn. Apá bàálù Cessna 172 kò gùn ju mítà 11 lọ láti ìkangun sí ìkangun, ti Hawk kò sì tó bẹ́ẹ̀. Láti kìlómítà 3.5, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ bí èèyàn bá na ìṣáná náà síwájú. Àwọ̀ eérú tí wọ́n kun jẹ́ẹ̀tì ológun tún jẹ́ kó bá àwọ̀ òkúta mu. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé bàálù tó bá máa kọlu ẹni kì í rìn lójú gíláàsì. Ojú kan náà ló máa dúró sí, bí ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, á kàn máa tóbi díẹ̀díẹ̀, àfi lójijì tó bá wá bo gbogbo iwájú. Ojú èèyàn sì máa ń tètè rí ohun tó ń rìn ju ohun tó dúró lọ.

Òfin tún sọ pé bí bàálù méjì bá kọjú síra, kí kálukú yà sí apá ọ̀tún. Ó dáa bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run gbalasa. Nínú àfonífojì, òkè lè wà ní apá ọ̀tún. Bàálù kékeré tún ní ìṣòro tirẹ̀: atẹ́gùn tó ń ya lulẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè lè tì í sísàlẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì lágbára tó láti gun òkè kíákíá. Bí ó bá rí ewu, ó lè má rí àyè yípo padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má ṣe wà ní àárín gbùngbùn àfonífojì, kí wọ́n fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí àyè tó kù lè tó wọn yípo.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí

Bí ẹnì kan bá sọ pé ìbẹ̀rù lásán là ń gbé kiri, kó wo ohun tó ti kọjá.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, nítòsí abúlé Carno ní àgbègbè Powys, tí kò jìnnà sí Machynlleth, jẹ́ẹ̀tì Jaguar ti ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu Cessna 152 kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Awakọ̀ Cessna náà kú. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà nínú Jaguar náà kú, èkejì fi ìjókòó tó ń ta èèyàn síta jáde, ó sì yè é.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, ó tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Kendal, ní Cumbria, ní àríwá England. Jẹ́ẹ̀tì Tornado ló kọlu hẹlikọ́pútà JetRanger kan tó ń yẹ páìpù wò. Àwọn méjì tó wà nínú hẹlikọ́pútà náà kú.

Ẹ kíyè sí i pé nínú méjèèjì, àwọn tó kú nínú bàálù aládàáni kì í ṣe ẹni tó wá ṣe fàájì. Iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ológun náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ láti wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀tọ́ yẹn ò gba ẹnikẹ́ni là.

Kì í ṣe àárín òkè nìkan ni ojú ti ń kùnà. Ní oṣù Keje, ọdún 2015, jẹ́ẹ̀tì F-16 kọlu Cessna 150 nítòsí Moncks Corner ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, òṣìṣẹ́ tó ń darí ojú òfurufú sì ń bá awakọ̀ F-16 náà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ àwọn méjì tó wà nínú Cessna náà kú. Gbogbo ayé sì ló gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Washington ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025, nígbà tí hẹlikọ́pútà Black Hawk ti ológun àti bàálù akérò kọlura lókè odò Potomac, tí èèyàn 67 sì kú. Àwọn tó wà nínú hẹlikọ́pútà náà ti sọ pé àwọn rí bàálù náà, pé àwọn á yẹra fún un. Bí ojú bá lè kùnà níbi tí òṣìṣẹ́ wà, tí rédà wà, tí kò sí òkè tó dí nǹkan kan, mélòó mélòó ni inú àfonífojì tí kò ní ìkankan nínú wọn?

Ẹjọ́ ta ni?

Àwọn aládàáni ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní ojú òfurufú kì í ṣe ti ológun nìkan, gbogbo aráàlú ló ni ín. Wọ́n ní bí wọ́n bá gba kí wọ́n ti Mach Loop pa lónìí, àfonífojì mìíràn ló máa kàn lọ́la, nígbà tó bá yá, kò ní sí ibi tí bàálù kékeré lè gbà kọjá ní Wales. Wọ́n tún ní bí wọ́n bá ti lé àwọn gun òkè nígbà tí ìkùukùu wà nílẹ̀, inú ìkùukùu ni wọ́n ń lé àwọn sí, èyí náà ń pa èèyàn.

Àwọn ológun náà ní tiwọn. Wọ́n ní kò sí ibòmíràn tó dà bí àwọn àfonífojì yẹn fún iṣẹ́ wọn. Awakọ̀ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ ní 250 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀ ní ohun púpọ̀ tó ń wò: òkè tó wà níwájú, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Àyè tó kù fún un láti máa wá bàálù kékeré tí kò retí kò pọ̀.

Àwọn méjèèjì ló sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìwọ̀n ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba lọ́jọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Aládàáni tó ń wá ẹwà ilẹ̀ lè lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí jẹ́ẹ̀tì ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ó lè gun òkè kọjá 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì ṣì máa rí adágún àti òkè náà dáadáa. Ológun tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò rẹlẹ̀ kò lè lọ kọ́ ọ lókè. Ẹni tó ní ibòmíràn láti lọ ló yẹ kó kọ́kọ́ yà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Òfin tó bá ti àfonífojì pa kò ní gba ẹni tí ìkùukùu lé wọ ibẹ̀ là, ńṣe ni yóò kàn jẹ́ kó máa bẹ̀rù láti sọ pé òun wà níbẹ̀. A sì nílò kó sọ̀rọ̀.

Kí ló lè tún un ṣe?

Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Nígbà tí a ti rí i pé ojú ò tó, ohùn ló kù.

Èkínní ni rédíò. Àwọn ológun ti gbé ìgbì rédíò VHF kan kalẹ̀ fún àwọn tó ń fò rẹlẹ̀, irú èyí tí rédíò inú bàálù kékeré lè gbà, kí aládàáni lè gbọ́ wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òkè máa ń dí ìgbì rédíò lọ́nà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọ àfonífojì gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ kó tó wọlé, kì í ṣe ìgbà tó bá dé àárín rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń kéde ibi tí bàálù wà, tó sì ń kìlọ̀ bí ẹlòmíràn bá ń sún mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, àjọ CAA ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń dá ìdajì owó tí aládàáni bá fi ra irú ẹ̀rọ yìí padà fún un, tí kò gbọ́dọ̀ ju £250 lọ. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀rọ ló wà lọ́jà, kì í ṣe gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ èdè ara wọn. Bí ti aládàáni bá ń sọ̀rọ̀, tí ti jẹ́ẹ̀tì ò gbọ́, asán ni. Ẹjọ́ ìjọba lèyí, kì í ṣe ti awakọ̀. Ìjọba ló lè mú kí ológun àti aráàlú máa lo ohun tó bára mu.

Ẹ̀kẹta ni ìfitónilétí. Àwọn tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ fún iléeṣẹ́ ológun ṣáájú, kí wọ́n lè kọ ọ́ sójú àtẹ tí àwọn awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì ń wò. Ẹni tó ń lọ fún fàájì kì í sí lójú àtẹ yẹn. Ó yẹ kí ọ̀nà wà fún òun náà, kó rọrùn bí ẹni fi fóònù ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni òtítọ́ sísọ. Ìgbìmọ̀ UK Airprox Board, tó ní àwọn ológun àti aráàlú nínú, máa ń gba ìròyìn bàálù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlura. Wọ́n á fi lẹ́tà A sí E sọ bí ewu náà ṣe tó, wọn kì í sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Awakọ̀ tó bá rí jẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gbá a, tó wá dákẹ́ nítorí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà nínú àfonífojì, ó ti fi ẹ̀mí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ wewu.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Manchester, Liverpool, Birmingham àti Cardiff pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń lọ gun òkè ní Wales, tí wọ́n sì ń gbé dírónù dání láti fi ya àwòrán. Ẹ gbọ́ ná: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gba dírónù láàyè láti fò dé 400 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 120. Jẹ́ẹ̀tì ológun ń kọjá ní 250 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fúnra yín. Dírónù tó wà ní ibi tí òfin fún un lè wà lókè jẹ́ẹ̀tì tàbí níwájú rẹ̀ gan-an, awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì ò sì lè rí i rárá. Bí Cessna bá tó orí ìṣáná, kí ni dírónù fẹ́ tó? Ẹni tó bá wà ní irú àfonífojì bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kó jẹ́ kí dírónù rẹ̀ wà nínú àpò. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó láti ya jẹ́ẹ̀tì.

Nílé níbí náà, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Dírónù ti di ohun tí wọ́n ń fi ya àwòrán ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe. Àṣẹ NCAA àti ti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò ni òfin Nàìjíríà ní kí èèyàn gbà kó tó fi dírónù ṣòwò, ọ̀pọ̀ ló sì ń bínú pé wàhálà yẹn pọ̀ jù. Wọ́n lè jàre pé ọ̀nà àtigba ìwé náà le. Ṣùgbọ́n ìdí tí àṣẹ fi wà kò yàtọ̀ sí ti Wales: ohun méjì tí kò mọ̀ nípa ara wọn ò gbọ́dọ̀ jọ wà ní ibì kan náà lókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Kò sí ọ̀daràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó kú ní Carno àti Kendal ò rú òfin ìrìnnà bí ẹni sáré já iná pupa. Òfin tó sọ fún kálukú pé kó máa wo iwájú ló gbẹ́kẹ̀ lé ojú ju agbára ojú lọ. Nígbà tí wọ́n kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, bàálù ò sáré tó báyìí. Jẹ́ẹ̀tì ti yára sí i, ojú èèyàn ò yára sí i, òkè náà ò sì kúrò níbi tó wà.

Nítorí náà, kí aládàáni tó bá ní ọ̀nà mìíràn gba ọ̀nà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn sọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Kí ìjọba rí i pé ẹ̀rọ ológun àti ti aráàlú ń gbọ́ ara wọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n àbámọ̀ ọdún 1991 àti 1993 ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́n.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò lóòótọ́. Àárín òkè ni kò tó, àfi tí àwọn ẹyẹ náà bá ń ké sí ara wọn.